Àga Tí Ẹ Kò Kùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Sátidé la wà, ọ̀sán ti pọ́n. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ yín, lórí àpótí tí ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé tí ẹ bá ń rẹ́ pákó. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ètè mi ti là, bẹ́ẹ̀ ni n kò dìde láti wá nǹkan fi pa á. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wo àga kan ṣoṣo. N kò mọ ohun tí màá fi kùn ún, kò sì sí ẹni tí mo lè bi. Ẹ̀yin ni mo máa ń bi nírú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo kúkú mú pẹ́ńsùlù yín, èyí tí ẹ fi ìfági gé ẹnu rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, mo sì ń fi í kọ̀wé sí yín.

Ẹ má bínú sí "ẹ" àti "yín" tí mo ń kọ yìí. Ó ń ṣe èmi náà bákan. Nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, "o" ni mo ń sọ sí yín, "ùwọ" ni mo ń pè yín, bí gbogbo ọmọ Èkìtì ti ń ṣe sí bàbá rẹ̀, kò sì sí àrífín kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá inú ìwé ni wọ́n kọ́ mi láti fi máa kọ lẹ́tà, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìsẹ̀. Ọwọ́ mi kò mọ òmíràn kọ mọ́. Nítorí náà, lórí bébà yìí, ẹ ti di àlejò pàtàkì, èmi sì ni ọmọ tó ń kúnlẹ̀. Ẹ fara dà á.

Àga Yèyé ni mò ń sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlú yìí ló ń jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ ṣe bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣe àga pásítọ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì dé, ẹ ṣe tábìlì ilé-ìwé débi pé eruku pákó kò kúrò nínú irun yín fún odidi ọdún kan. Yèyé nìkan ni kò ní nǹkan kan. Orí àpótí ìdáná ló ń jókòó, tí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyàwó káfíńtà tí kò ní àga! Àwọn aládùúgbò fi yín ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń sọ pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀.

Ó wá dé lóòótọ́, àbí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde èṣí. Igi afàrà, tó funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ẹ fún un ní apá méjì tó fẹ̀, kí Yèyé lè gbé ọwọ́ lé e. Ẹ fi ewé ìpín fá a títí tí kò fi sí ibi tí ìka lè kọ́. Gbogbo rẹ̀ parí pátá, ó ku kíkùn nìkan. Ẹ sì kú láìkùn ún.

Láti ìgbà òjò ni àga náà ti dúró níhòòhò nínú ìsọ̀. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé afàrà kì í fara da irú ìyẹn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú, ìyẹ̀fun á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ọdún tó yí ká á ti di ohun ìdáná. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àpáta ìlú wa láti òwúrọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ṣe fún Yèyé nílé yìí nìyẹn, Bàbá. Bí mo bá bà á jẹ́, kò sí ẹni tó máa ṣe òmíràn.

Bùrọ̀dá Àjàyí, káfíńtà tó ra ìfági ńlá yín, yà síbí láàárọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń pariwo. Ó fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn àga náà bí ẹni ń lu ẹ̀yìn màlúù, ó ní: "Tíṣà, ọ̀dà pupa ni o! Uṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó parí!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà pupa, bí àga kóòtù. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti lọ bu omi mu kí ẹ má baà sọ̀rọ̀.

Ọ̀dà kò sí nínú rẹ̀. Nǹkan méjì péré ló wà níwájú mi. Ní ọwọ́ ọ̀tún ni ìkòkò kékeré yín, tí ẹ máa ń fi yọ́ ìda oyin mọ́ àdín Yèyé, tí ẹ óò fi àkísà pa á mọ́ igi ní gbígbóná, tí ẹ óò gbé e sí oòrùn, tí ẹ óò nù ún, tí ẹ óò tún pa á, fún ọjọ́ méje gbáko. Ní ọwọ́ òsì ni agolo fáníṣì. Agolo yẹn náà ni. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àpótí aṣọ tí ẹ ṣe fún mi ni àwọn ọmọbìnrin yòókù fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òórùn àdín ti wọ inú rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ mi, ó ti wọ ìwé mi. Aláàdín ni wọ́n ń pè mí. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ orúkọ yẹn. Mo ń kó aṣọ mi sá sí oòrùn ní gbogbo Sátidé, mo ń ra lọ́fíńdà wọ́n sí i, àdín kò gbọ́. N kò sọ fún yín. Nínú lẹ́tà mi, àpótí náà dára, gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín.

Ní Àjíǹde èṣí, tí mo ti di tíṣà, mo ra agolo fáníṣì kan bọ̀ láti Àkúrẹ́. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yín máa dán bí àga inú ilé ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ká ní mo gbé e fún yín ní jẹ́jẹ́ ni, tí mo sì dúró láti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín! Ṣùgbọ́n àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì méjì wà níwájú yín lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wo tábìlì tuntun, ẹ sì ń ṣàlàyé fún wọn bí àdín ṣe ń mú igi pẹ́. Ara mi kò gbà á. Mo là á mọ́lẹ̀ lójú wọn pé iṣẹ́ yín ń rùn, pé ó ti ń rùn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, pé ojú ayé ti là kọjá àdín. Yorùbá inú ìwé ni mo sì fi sọ ọ́, kó lè dùn mọ́ wọn létí. Àwọn alàgbà wo ilẹ̀. Ẹ gba agolo náà lọ́wọ́ mi, ẹ kí mi pé mo ṣeun, ẹ gbé e sórí àjà. Àkísà àdín ṣì wà lọ́wọ́ yín.

N kò lo ìsinmi náà tán. Mo bá lọ́rì òwúrọ̀ ọjọ́ kejì padà sí Ìsẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí lọ́rì fi yí kọ́nà. Ìgbà tí mo tún rí ojú yín, wọ́n ti fi owú sí ihò imú yín.

Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí? Gbogbo ènìyàn ló ní bàbá tó ń pariwo. Ká ní ẹ pariwo mọ́ mi ni, èmi náà ì bá pariwo, a ó jọ jẹun alẹ́, ọ̀rọ̀ á tán. Ìka ni ẹ fi ń tọ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rí i kà. Ta ló ń ka àwọn lẹ́tà kúkúrú kúkúrú tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà fún yín? Mo bá gbogbo wọn nínú àpótí ìṣó yín, wọ́n ti dọ̀tí ní ibi tí a ti ń ká wọn. Kò sí nǹkan kan nínú wọn, Bàbá. Mo wà dáadáa, iṣẹ́ pọ̀, ẹ kí Yèyé. Kí ni ẹ ń ṣí i wò sí?

Èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le fún mi ni ohun tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ kó pákó tó kù sí apá kan kí ìsọ̀ lè fẹ̀. Lẹ́yìn pákó náà, mo rí ìdì kan tí ẹ fi àlòkù ìró Yèyé wé. Mo tú u. Agolo fáníṣì yẹn ni, ó ti lọ sí ìdajì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan tó ti gan bí igi. Àti ègé igi afàrà márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí lẹ́yìn: ìlà kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ nínú eruku.

Ẹ ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin nìkan, ní ìkọ̀kọ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ A B D. Èkíní kún fún eruku pákó, ó rí gbàjagbàja. Ẹ kò mọ̀ pé wọn kì í kun fáníṣì níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ igi. Irun búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ èkejì, ipa rẹ̀ sì lọ síwá sẹ́yìn, torí ẹ ń pa á bí ẹni ń pa àdín. Ẹ̀kẹta funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Mo mọ ohun tó ń fa ìyẹn. Inú òjò ni ẹ ti kùn ún.

Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi láti tutọ́ sí ìka kí n gbé e sókè sí afẹ́fẹ́, kí n mọ̀ bóyá ojú ọjọ́ gbẹ, kí n tó fọwọ́ kan igi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ kí àga pásítọ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko torí òjò kò dá. Ṣé ẹ ti mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ kò ní bá yín ni? Ṣé ikọ́ yẹn ti sọ fún yín? Yèyé ní ikọ́ lásán ni ẹ pè é.

Ẹ̀kẹrin ni kò jẹ́ kí n lè sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Kò gbẹ. Títí di òní, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àdín ni. Àdín ti wà nínú àkísà yín, ó ti wà nínú ìka yín láti ogójì ọdún, fáníṣì kì í sì í gbẹ lórí àdín láéláé. Kò sí ẹni tó sọ fún yín. Èmi tó mọ̀ ọ́n ti bá lọ́rì lọ. Ní àárín ègé náà, ẹ ti fi àtàǹpàkò kàn án wò bóyá ó ti gbẹ, ojú àtàǹpàkò náà sì wà níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú àpá ibi tí ayùn ti gé yín nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e. Tiyín tóbi ju tèmi lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kò tíì kùn ún. Ẹ ti fi ewé ìpín fá a, ó mọ́ tónítóní, ẹ ti fa ìlà márùn-ún sí i lẹ́yìn. Ó kàn ń dúró ni.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Fáníṣì ni. Ẹ kò kun àga náà torí ẹ ń dúró dìgbà tí ẹ óò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ fẹ́ kó dán, kí n lè bọ̀ wálé wá rí i. Mo ti ra agolo tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun sínú àpò mi, bí ó bá lè jẹ́ òun ni. N kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ o, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Inú ìsọ̀ yìí, àdín ló ń rùn dídùn sí mi nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yín ni màá ṣe. Màá kọ́kọ́ gbé àga náà jáde sí ìmọ́lẹ̀, kí n fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀. Màá parí lẹ́tà yìí tí mo bá ṣe tán.

Bàbá, ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá. Sátidé mìíràn la wà yìí. N kò lè kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo gbé àga náà síta. Mo nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó funfun. Mo nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó funfun. Mo dé ibi apá rẹ̀ méjèèjì, ó dúdú. Mo tún un nù, dúdú náà kò kúrò. Inú eruku ìsọ̀ n kò rí i, ṣùgbọ́n nínú oòrùn ó hàn gbangba: ojú ọwọ́ ènìyàn ni, ọ̀tún àti òsì, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márààrún, wọ́n ti wọ inú igi lọ. Mo gbóòórùn rẹ̀. Àdín.

Yèyé wà lẹ́yìn ilé, ó ń dín ẹkùrọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́ bí ó ti wà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo pè é wá. Ó wo àga náà, ó wo mí, ó sì fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé mi tí mo bá mú.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ó ti wá dín kù sí "káàbọ̀" àti "wá jẹun." Ó wá ní: "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé kò tíì parí. Bàbá ẹ ni mo ń bá jókòó. Ulé dá jù."

Ojoojúmọ́ ni, Bàbá. Ojoojúmọ́ tí mo bá wà ní Ìsẹ̀, tí mo rò pé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yín ń pa lára, ó ń wọ ìsọ̀ yín lọ láàárọ̀, kó tó lọ dá iná, yóò sì jókòó sínú àga tí ẹ kò kùn, yóò gbé ọwọ́ lé apá rẹ̀ méjèèjì. Oṣù mẹ́fà. Mo ti ń wálé ní gbogbo Sátidé láti wá bá a kẹ́dùn, n kò bi í rí bó ṣe ń ṣe ọjọ́ rẹ̀. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti ń da orí ara mi rú pé kí ni kí n fi kùn ún, ẹni tó ni àga ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Fáníṣì kò lè gbẹ lórí rẹ̀ mọ́, ẹ sì mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, àbí ẹ kò mọ̀ ọ́n? Mo lè fági apá náà, kó padà funfun. Mo mú ìfági kékeré lóòótọ́. Mo wo ojú ọwọ́ Yèyé, mo sì gbé ìfági padà sílẹ̀.

A yọ́ ìda oyin mọ́ àdín lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwa méjèèjì. Yèyé ló pa á, èmi ló ń nu. N kò mọ̀ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ti ń wò yín láti ogójì ọdún, kò kàn sí ẹni tó fún un ní àkísà rí. Mo padà sí Ìsẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú, òun nìkan ló ṣe ọjọ́ yòókù. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní àná. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ yìí, mo bá Yèyé ní yàrá, nínú àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa. Àga náà ti pọ́n bí oyin. Ojú ọwọ́ tó wà lára apá rẹ̀ ṣì dúdú ju ibi yòókù lọ díẹ̀. Gbogbo ilé ń rùn.

Ó ku ègé karùn-ún. Mo ti kùn ún. Kí òjò tó rọ̀ ni, ní Sátidé tó kọjá yẹn náà, lẹ́yìn tí a ti ṣe ti àga tán. Mo ṣe é díẹ̀díẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ sókè bí mo ti ń ṣe é, torí kò sí ẹlòmíràn nínú ìsọ̀. Ẹ gbọ́. Ẹ óò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, kí àdín tán níbẹ̀. Aṣọ tuntun ni ẹ óò fi nù ún, kì í ṣe àkísà yẹn. Ẹ óò gbé e jìnnà sí eruku pákó. Ẹ óò ti búrọ́ọ̀ṣì bọ fáníṣì díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, ẹ óò fà á lọ sí apá kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò sì ní fà á padà. Èyí ni ẹ kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò fi sílẹ̀. Ẹ kò ní fọwọ́ kàn án wò. Ẹ óò lọ jẹun.

Ó gbẹ, Bàbá. Ó ń dán, mo ń rí ojú mi nínú rẹ̀. Mo ti to márààrún sórí tábìlì iṣẹ́ yín, láti èkíní dé ìkẹyìn. Ó yẹ kí n ti fi hàn yín láti Àjíǹde, kí ẹ sì wà níbẹ̀ láti rí i. Ẹ dárí jì mí.

Lọ́rì ń fọn fèrè ní títì, mo gbọ́dọ̀ máa lọ. Àdín àga tí mo bá Yèyé tún nù láàárọ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe wà yìí náà ni màá fi wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo,
Aláàdín.